Erùpẹ̀ Kan Náà, Ọ̀kan Rọ̀, Ọ̀kan Le: Bí Ilẹ̀ Ṣe Ń Ṣù Pọ̀ Tó sì Ń Tú Ká

Bí ẹ bá ya oko ẹ̀gẹ́ kan lọ́nà Surulere tàbí Orí-Iré, lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, kò ní ṣàì sí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba àárín oko náà kọjá. Lórí ebè, ọwọ́ lásán lè wọ ilẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Lójú ọ̀nà tí kò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ sí ebè yẹn, ọkọ́ á kàn dún gbàù ni, á sì ta padà. Ẹ bu erùpẹ̀ díẹ̀ níbi méjèèjì lọ sí ilé ìwádìí kí wọ́n wọn iye iyanrìn àti iye amọ̀ inú wọn: ọgbọọgba ni. Àpáta kan ló bí wọn, òjò kan ló ń rọ̀ lé wọn lórí. Síbẹ̀, ẹ̀gẹ́ ń ta lórí ọ̀kan, koríko pàápàá kọ̀ láti hù lórí èkejì.

Bí àwọn hóró erùpẹ̀ ṣe tò síra wọn ni ìyàtọ̀ náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń rú ènìyàn lójú, nítorí pé tí a bá ní "ilẹ̀ yìí le", ohun méjì la máa ń pò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni irú hóró tó wà nínú ilẹ̀. Hóró tó bá wà láàárín 0.05 sí 2 mìlímítà, iyanrìn ni; èyí tó bá kéré sí 0.002 mìlímítà, amọ̀ ni. Èyí tó wà láàárín wọn ni erùpẹ̀ kíkúnná tí omi odò máa ń gbé wá sí akùrọ̀. Kò sí àgbẹ̀ tó lè yí ìyẹn padà láyé rẹ̀, àfi tó bá fẹ́ fi típà kó amọ̀ wá dà sórí iyanrìn. Èkejì ni ìtò: bí àwọn hóró yẹn ṣe lẹ̀ mọ́ra di kókó, àti irú àyè tó ṣẹ́kù láàárín kókó kan sí òmíràn. Ìyẹn lè yí padà láàárín òjò kan sí èkejì.

Àwa máa ń wo kókó, nítorí òun la lè dì mú. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ṣé inú búlọ́ọ̀kù là ń sùn ni? Yàrá tí búlọ́ọ̀kù yí ká là ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ rí fún gbòǹgbò, fún omi, fún afẹ́fẹ́ àti fún gbogbo ohun abẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ oko tó dára ni òfìfo. Ó sì ṣeé wọ̀n. A ó ti òrùka irin tí a mọ iye tó ń gbà wọ inú ilẹ̀, a ó yọ ọ́ pẹ̀lú erùpẹ̀ inú rẹ̀, a ó gbẹ ẹ́ nínú ẹ̀rọ tó gbóná tó 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius di ọjọ́ kejì, a ó wá gbé e sórí ìwọ̀n. Hóró ilẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń wúwo tó gíráàmù 2.65 ní sẹ̀ǹtímítà kan ní ìbú, òró àti gíga. Tí erùpẹ̀ inú òrùka bá wá jẹ́ gíráàmù 1.32 péré ní irú àyè bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni òfìfo. Tí ilẹ̀ oníyanrìn bá ti ń sún mọ́ 1.8, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́rí padà. Ilẹ̀ alámọ̀ kì í tilẹ̀ dé ibẹ̀ kó tó há gbòǹgbò mọ́. Ní nǹkan bí 1.5, wàhálà ti dé.

Àyè nìkan kọ́ o, ìwọ̀n àyè náà ṣe pàtàkì. Ihò tó bá fẹ̀ ju 0.03 mìlímítà lọ kì í di omi mú. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí òjò dá, omi rẹ̀ á ti sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì wọlé. Èyí tó bá kéré sí ìyẹn ló ń tọ́jú omi tí ohun ọ̀gbìn á mu nígbà tí òjò bá kọ̀. Tí ihò bá wá kéré jù, tí kò tó 0.0002 mìlímítà, omi wà níbẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò lágbára láti fà á jáde. Iyanrìn lásán, ihò ńlá ló ní. Amọ̀ tí a tẹ̀ pa, ihò kékeré ló ní. Ilẹ̀ tó ṣù dáadáa ní méjèèjì: ihò tóóró nínú kókó, ihò ńlá láàárín kókó.

Àwọn tó ń mọ ilé alámọ̀ láyé àtijọ́ mọ gbogbo èyí láì fọwọ́ kan ìwé. Kí ni wọ́n ń ṣe kí amọ̀ tó di ògiri? Wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á bomi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gún un títí tí kò fi ní sí kókó kankan mọ́ nínú rẹ̀, tí àyè inú rẹ̀ á sì kú. Ìyẹn ni bíba ìtò ilẹ̀ jẹ́ tọkàntọkàn, iṣẹ́ ọwọ́ tó lẹ́wà sì ni. Ohun kan náà gẹ́lẹ́ la ń ṣe nígbà tí a bá wọ oko lẹ́yìn òjò ńlá tí ilẹ̀ ṣì tutù rinrin, tí a ń tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Ògiri la ń mọ, a kàn pè é ní oko ni.

Báwo wá ni ṣíṣù náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Àpáta tó wà lábẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀ ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Bí ó ti ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ ni àwọn hóró funfun dídán tó le nínú rẹ̀ ń di iyanrìn, tí àwọn yòókù sì ń di amọ̀, tí irin inú rẹ̀ ń dípẹtà. Òjò ń fọ amọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí òkè ilẹ̀ wa fi máa ń jẹ́ iyanrìn, ṣùgbọ́n tí ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga á bá amọ̀ pupa pàdé kó tó jìnnà, nígbà mìíràn pẹ̀lú yangí lójú ọ̀nà. Ìpẹtà irin yẹn ló sọ ilẹ̀ di pupa, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń so amọ̀ pọ̀: amọ̀ ní agbára iná mànàmáná tó ń ti ara rẹ̀ sẹ́yìn, irin ní ti òdì kejì, wọ́n á sì fa ara wọn mọ́ra. Kálísíọ̀mù náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Sódíọ̀mù inú iyọ̀, tó bá gba ipò kálísíọ̀mù lára amọ̀, ló máa ń tú wọn ká. Tí irin bá wá pọ̀ jù níbì kan, tí ibẹ̀ sì ń tutù tó ń gbẹ fún ọdún gbọọrọ, kókó tó ṣù kì í tún tú mọ́ láé. Yangí nìyẹn. Ó ṣù o, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbin iṣu sí i?

Gbígbẹ àti tútù náà ń ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lọ́dọ̀ tiwa. Irú amọ̀ tó wà ní Borno, tó dúdú, máa ń wú tó bá mumi, á sì la gbàgà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lílà yẹn ló ń gé ilẹ̀ sí kókókókó fúnra rẹ̀. Amọ̀ tiwa kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wú. Nítorí náà, òkè ilẹ̀ wa tó jẹ́ iyanrìn, tí amọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, tí èyí tó wà pàápàá kò sì lè la ilẹ̀, ohun abẹ̀mí ló gbára lé. Èyí ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú gbogbo àlàyé yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀, ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń sọ, níbi tí yìnyín ti ń fọ́ ilẹ̀ lọ́dọọdún, tí amọ̀ wọn sì ń wú.

Gbòǹgbò ni àgbà nínú iṣẹ́ yìí. Bí ó ti ń wọlẹ̀ ló ń fún erùpẹ̀ pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ó ti ń fa omi ló ń gbẹ àyíká rẹ̀, ó sì ń tu oje kan tó ń lẹ̀ jáde. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ń jẹ oje yẹn, àwọn náà á sì tu tiwọn. Lára gbòǹgbò kan náà ni àwọn ẹbí olú kan ń gbé, tí òwú ara wọn tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ fíìfíì. Àwọn òwú yìí ń ta yí iyanrìn ká, wọ́n ń dè é. Tí gbòǹgbò bá kú tó jẹrà, ihò tó fi sílẹ̀ di ojú ọ̀nà omi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ekòló ń gbé ilẹ̀ mì pẹ̀lú ewé jíjẹrà, ó ń yà á padà ní ṣíṣù. Charles Darwin tó kọ̀wé nípa wọn ní 1881 ṣírò rẹ̀ pé láwọn ibì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́wàá erùpẹ̀ tó ń gba inú ekòló kọjá lọ́dún lórí éékà kan ṣoṣo. Ikán ń lọ bu amọ̀ nísàlẹ̀ wá sókè, ó ń fi itọ́ pò ó. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti wó ọ̀gán mọ bí itọ́ yẹn ti lágbára tó. Àwa kàn ń bínú sí ikán ni nítorí pé ó ń jẹ igi òrùlé. Nínú ọ̀dàn, alágbàṣe tí kò gbowó ló jẹ́.

Ní 1982, onímọ̀ ilẹ̀ méjì ní Ọsirélíà, Tisdall àti Oades, to gbogbo èyí jọ sí ọ̀nà kan tí ó yé ènìyàn. Wọ́n ní kókó kékeré, tí kò tó ìdá mẹ́rin mìlímítà kan, ni a fi kọ́ kókó ńlá, àti pé ohun tó so kékeré pọ̀ kọ́ ló so ńlá. Nínú kókó kékeré, ohun jíjẹrà tó ti pẹ́ àti irin ló wà níbẹ̀. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ́ kì í fọ́ ọ. Kókó ńlá ní tirẹ̀, gbòǹgbò àti òwú olú ló de é. Òwú máa ń kú, ó máa ń jẹrà, nítorí náà kókó ńlá kì í pẹ́ àfi tí gbòǹgbò tuntun bá ń dé. Oades tún padà wá ní 1991 pẹ̀lú Waters, wọ́n wo irú ilẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì rí i pé ní ilẹ̀ tí irin ti gbà pátápátá, ìlànà yìí kò rí bẹ́ẹ̀: irin ti so gbogbo rẹ̀ tán, kò dúró de gbòǹgbò. Òkè ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe irú ìyẹn. Tiwa ń dúró de gbòǹgbò.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí òjò àkọ́kọ́ bá dé lẹ́yìn ọyẹ́, ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Oko ti wà lásán, wọ́n ti sun koríko rẹ̀, oòrùn ti gbẹ ẹ́ fún oṣù mélòó kan. Kókó tó gbẹ báyìí, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Òjò ńlá rọ̀ lójijì. Omi sáré wọ kókó náà láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà jáde, ó há, ó ń fún pọ̀, ó bẹ́. Ó bẹ́ láti inú wá! Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé agbára ẹ̀kán òjò nìkan ló ń fọ́ ilẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀kán òjò tó tóbi ń já bọ́ pẹ̀lú eré tó lé ní 30 kìlómítà láàárín wákàtí kan, òun náà sì ń gbá ilẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kókó náà bá ti lọ́rinrin díẹ̀ kí òjò tó dé, kì í bẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí òjò wínníwínní tó ṣáájú òjò ńlá fi jẹ́ àánú fún oko.

Erùpẹ̀ tó bẹ́ yẹn á wá wọ inú ihò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, á dí i. Tí oòrùn bá yọ, èèpá kan á wà lójú ilẹ̀ tí kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ ní nínípọn, ṣùgbọ́n àgbàdo tó ń hù á ṣe wàhálà kó tó lu ú, omi òjò tó tẹ̀ lé e kò sì ní wọlẹ̀ mọ́. Á gba poro lọ, á kó ilẹ̀dú dání, á gbé e dé odò Ọbà. Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ láti Íńdíà tó ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, láti 1970 di 1987, tó sì gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2020, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí èyí gan-an. Ó pín ilẹ̀ tó dagun sí oríṣi mẹ́rin, láti orí ìdagun 1 nínú ọgọ́rùn-ún dé 15, ó sì ń wọn erùpẹ̀ tí òjò ń gbé lọ. Níbi tí ó ti fi koríko tàbí pòròpórò gbígbẹ bo ilẹ̀, tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí mẹ́fà lórí hẹ́kítà kan, erùpẹ̀ tó lọ kò tó nǹkan mọ́, àní lórí ìdagun tó ga pàápàá. Kókó ibẹ̀ ni pé ìbòrí náà gba ẹ̀kán òjò sára, kò sì jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ dé ibi tí á fi bẹ́. Àwọn àgbẹ̀ wa tó ń fi koríko dé orí ebè iṣu ti ń ṣe é látọjọ́ pípẹ́. Iṣu ni wọ́n rò pé àwọn ń dáàbò bò lọ́wọ́ oòrùn, òótọ́ sì ni.

Báwo làwọn onímọ̀ ṣe ń mọ̀ pé kókó kan lágbára? Láti 1936, tí onímọ̀ ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Yoder ṣàlàyé ẹ̀rọ tirẹ̀, ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù ni pé kí a to asẹ́ lé ara wọn, èyí tí ojú rẹ̀ tóbi lókè, kíkéré nísàlẹ̀, kí a da kókó gbígbẹ sórí rẹ̀, kí ẹ̀rọ máa tẹ̀ ẹ́ bọ omi kó máa fà á jáde. Ohun tó bá kù lórí asẹ́ ńlá ni kókó tó dúró. Ọ̀nà yìí rọrùn, kò wọ́n, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní fásitì ń ṣe é títí di òní.

Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn wà níbẹ̀, mo sì rò pé ó tọ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Àwọn kan béèrè pé: kókó tí ẹ rí lórí asẹ́ yẹn, ṣé ó wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí ọkọ́ àti asẹ́ yín ló dá a? Tí ẹ bá mi asẹ́ náà kíkan jù, kókó kékeré lẹ ó rí. Tí ẹ bá ṣe é jẹ́jẹ́, ńlá lẹ ó rí. Ilẹ̀ tó wà ní ipò rẹ̀ kò pín sí kókó tó dá dúró. Gbogbo rẹ̀ so kọ́ra, ihò ló gba inú rẹ̀. Nítorí náà wọ́n ní kí a fi kókó sílẹ̀, kí a máa wo ihò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń gbé erùpẹ̀ odindi wọ inú ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn fi ń ya àwòrán inú ara, láti rí ihò náà láì fọ́ nǹkan kan. Àwòrán náà dára, owó rẹ̀ ni kò dára. Ní tèmi, àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ lọ́wọ́. Ìgbẹ́ ekòló wà lóòótọ́, ẹnikẹ́ni lè he é nílẹ̀; kì í ṣe asẹ́ ló dá a. Gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ kò mọ kókó, ihò ló mọ̀.

Wọ́n tún ń jiyàn lórí ohun tó ń lẹ kókó pọ̀. Ní 1996, Sara Wright àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde ohun kan tí wọ́n gbà pé òwú olú orí gbòǹgbò ló ń ṣe é, tí wọ́n wá sọ ní glomalin. Ọ̀pọ̀ ìwé kọ ọ́ bíi pé òun ni ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè. Lẹ́yìn náà làwọn míì rí i pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń yọ ọ́ jáde látinú ilẹ̀ máa ń kó àwọn nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Pé òwú olú ń so ilẹ̀ pọ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Ohun tó fi ń so ó gan-an ni wọ́n ṣì ń wá.

Fún ẹni tó ní oko, ohun tó tẹ̀ lé èyí kò ṣòro. Tírákítọ̀ àti ọkọ́ ń dá àyè sílẹ̀, wọn kì í dá kókó tó lágbára sílẹ̀. Ebè tuntun rọ̀ nítorí pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u ni. Tí kò bá sí gbòǹgbò àti ohun jíjẹrà láti so ó, òjò mélòó kan á ti jókòó lé e. Títú náà tún ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí ohun jíjẹrà tètè tán. Fatiláísà ń bọ́ ohun ọ̀gbìn, kì í so ilẹ̀, àfi tí àgbàdo tó bọ́ bá ta gbòǹgbò púpọ̀ tí a sì fi pòròpórò rẹ̀ sílẹ̀ lóko. Ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kó sinmi ń padà bọ̀ sípò nítorí gbòǹgbò tí kò dáwọ́ dúró, títí kan ti ewé tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀ (ìjà àwọn olóṣèlú ò kan gbòǹgbò rẹ̀).

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ mú kókó tó tó ẹ̀pà kan lójú ọ̀nà ẹsẹ̀, ọ̀kan lórí ebè, ọ̀kan lábẹ́ máńgòrò tàbí nínú igbó tí wọn kò tíì dá oko sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ lábẹ́ òjìji fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ ju ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife tó mọ́ gaara, tí omi wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe pò ó. Emerson, onímọ̀ ilẹ̀ ní Ọsirélíà, ló gbé irú àyẹ̀wò yìí kalẹ̀ ní 1967. Èyí tó bá wó lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, afẹ́fẹ́ ló bẹ́ ẹ bí mo ti ṣàlàyé. Ìbòrí àti gbòǹgbò ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí omi àyíká rẹ̀ bá rú, tó sì kọ̀ láti tòrò títí wákàtí méjì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: amọ̀ fúnra rẹ̀ ló ti tú ká, ó sì le láti tún ṣe ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kì í wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àfi níbi tí wọ́n bá ti tẹ ilẹ̀ tútù pa. Omi òjò ni kí ẹ lò. Tí omi kànga bá ní iyọ̀, iyọ̀ tó pọ̀ nínú omi yẹn lè mú amọ̀ ṣù padà nínú ife, bí sódíọ̀mù bá tilẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹ ó sì rò pé ilẹ̀ yín sàn ju bó ṣe rí lọ.